Wọ́n Ní Kí N Dárúkọ Mummy Báyọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta bóyá mo máa lè jẹun.

Block tí à ń gbé ní Peckham, ní London níbí, ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun ojú omi kan. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ tó! Ó ní ère níbí, ó ní erékùṣù ní Canada, ó ní òkè ní Australia. Kódà l'Ékòó, títì kan wà nítòsí ilé bàbá mi tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ta ló rí i níbẹ̀ rí?

Ẹ̀yìn block wa, ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Mummy Báyọ̀, ìyá àgbà kan nínú block wa, ló ṣán an. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n gbin ata, wọ́n gbin rose. Tí ìyá ọmọ bá wà ní shift, ọ̀dọ̀ wọn lọmọ ń wà. Èmi gan-an, àwọn ni wọ́n pọn Dàmi ọmọ mi kí n tó lè padà síṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àwọn làgbà wa.

Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Báyọ̀ ọmọ wọn wá láti Houston ní Amẹ́ríkà, ó gbé wọn lọ sílé lọ sin.

Ni council, ìjọba ìbílẹ̀ wa, bá pe meeting, wọ́n fẹ́ sọ garden yẹn lórúkọ, kí wọ́n gbé board síbẹ̀. Inú mi dùn! Gbogbo àwa Yorùbá ilé náà ti fẹnu kò: Mummy Báyọ̀ ni.

Bàbá òyìnbó kan ló kọ́kọ́ dìde, ó ní kí wọ́n tún fún ọ̀gágun yẹn. Ó pe orúkọ ẹ̀ tán, ó pe oyè, ó pe ọkọ̀ ojú omi tó fi jagun, ó tún dárúkọ ìyá tó bí i!

Èmi náà dìde. Mo sọ̀rọ̀ Mummy Báyọ̀ títí, obìnrin council tó ń darí meeting náà ń nu ojú. Ó ní ó dáa, kí ni orúkọ wọn? Mo ní Mummy Báyọ̀. Ó ní rárá, orúkọ tiwọn àti surname, ohun tí wọ́n máa kọ sí board nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ dìbò báyìí.

Mo yíjú sí àwọn Yorùbá ilé wa. Mo wo Aunty Rísì, Aunty Rísì ń wo ilẹ̀. Bàbá Túndé ní ṣé kì í ṣe Ìyá Ìjẹ̀bú ni. Ìyá Ìjẹ̀bú! Mo sáré pe Báyọ̀, kò gbé e. Gbogbo ọdún tí a fi ń kúnlẹ̀ kí wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn! Ṣé ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi àgbà pé kí lorúkọ yín ni?

Wọ́n dìbò, ọ̀gágun wọlé. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Bàbá Túndé náà nawọ́ sókè fún un! Mo bi wọ́n níta, wọ́n ní ẹni yẹn kúkú lórúkọ.

Ọjọ́ kejì ni Báyọ̀ pè mí padà. Comfort Morẹ́nikẹ́ Odùbáńjọ. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Mo kọ̀wé sí council, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Board ti wà níbẹ̀ báyìí, tẹ̀tẹ̀ Mummy ń hù nídìí ẹ̀.

Mi ò bínú sí bàbá òyìnbó yẹn o. Ó mọ orúkọ ẹni tiẹ̀. Àwa là ń pọ́n tiwa lé títí tí a ò fi mọ orúkọ wọn, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó pọ̀n yín, tàbí tó pọn ọmọ yín, ẹ kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ níbí, àbísọ àti ti bàbá wọn, kì í ṣe Mummy Lágbájá. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn.