Bàtà Tí Àbúrò Mi Kò Bọ́

Láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti ti ojú ogun dé láti Òkè Ọya, kò bọ́ bàtà sójà rẹ̀. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń sùn nílé mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mi ò bi í léèrè ìdí.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Takie l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kò lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ti kéde ìdúpẹ́ fún ìjọ aládùúrà rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ọjà rí sójà rẹ̀. La bá lọ.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ ilé ìjọsìn wọn. Àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bùrọ̀dá sójà, ẹ bọ́ bàtà, ilẹ̀ mímọ́ ni," obìnrin kan wí.

"Ìta níbí tó mi, mà."

"Ẹ gbọ́ o! Kò sá fún ìbọn, síméǹtì ló ń sá fún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wòlíì jáde sí wa. Kò béèrè nǹkan kan, ó ti ríran. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àbúrò mi pa ló wà nínú bàtà náà. Wòlíì tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí ju ti ọdẹ àdúgbò lọ! Ó pàṣẹ, àwọn géńdé mẹ́ta rọ̀ mọ́ àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ń pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi ò lu ẹnikẹ́ni. Ó dojú bolẹ̀, ó fọwọ́ borí, ó ń pe orúkọ ẹnìkan tí a kò mọ̀, pé kó má dìde, kó má dìde. Ìjọ pariwo "Halelúyà!" Wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ló ń jáde yẹn.

Mo ti àwọn òmùgọ̀ náà sẹ́yìn, mo fà á wọ ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló tó sọ̀rọ̀. "Orí oorun ni wọ́n ká wa mọ́. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wa pè mí. "Wòlíì ní ó ku díẹ̀ kí ẹ̀mí náà bọ́. Mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò ní wá, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìwọ lo máa wò ó sàn ni?"

Mo ní rárá. Mo rọra pa fóònù, nítorí oorun ti gbé àbúrò mi lọ ní pálọ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.