Igi Òrí Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n gé igi òrí wa ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Àwọn àgbẹ̀ tábà nítòsí Ṣakí ń wá igi tí wọn yóò fi yan ewé wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyá mi àgbà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó sídìí igi náà, wọn kò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ náà gé e.

Nígbà tí àsìkò ìrun Jímọ̀ tó, ìyá àgbà dìde. Ó ní, “Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká lọ kírun, àwọn náà ń lọ.”

Nígbà tí a fi máa padà dé, igi ti wà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ìdí kùkùté yẹn ni ìyá àgbà ti ń kírun Jímọ̀.