Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilà Eérú

Sójà kan tó jagun fún àwọn Faransé lókè òkun ló kó bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá wá sí Ajawẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n apẹja ni a ta sáàárín pápá, eérú ni a fi fa ilà. Òun fúnra rẹ̀ ni onífèrè, orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ló ń dúró sí. Ojú rẹ̀ kò lè wà lára bọ́ọ̀lù kó tún wà nílẹ̀, ó wá fi èmi ṣọ́ ilà ẹ̀yìn. Bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti fi bẹ̀rẹ̀ eré bá tẹ ilà, kí n na imọ̀ ọ̀pẹ sí ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Òun á fọn fèrè, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kejì. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, títí àwọn ará Masẹ̀ fi wá bá wa díje.

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá a roko, síbẹ̀ kò pè mí ní àna rí. “Ìwọ yìí” ni orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú eérú pátápátá. Ta ni yóò na imọ̀ ọ̀pẹ sí bàbá ìyàwó? Mo dọ̀bálẹ̀.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Onífèrè sọ̀ kalẹ̀ lórí odó, ó rọra sọ fún mi pé, “Ó yé mi. Tí o bá ti dọ̀bálẹ̀, mo ti mọ̀ pé ó tẹ̀ ẹ́.” Àwa méjèèjì gbàgbé pé ìdọ̀bálẹ̀ níṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tó tún kan bàbá náà, ó dúró sẹ́yìn ilà dáadáa, ó wò mí, ó ní, “Ìwọ yìí, o kú ìdúró o.” Kí ni ọmọ tí a kọ́ yóò ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ geerege, fèrè dún.

Masẹ̀ fárígá. Onífèrè bi mí pé, “Ṣé ó tẹ̀ ẹ́ àbí kò tẹ̀ ẹ́?”

“Kò tẹ̀ ẹ́,” ni mo wí. “Ó kí mi ni.”

Àwọn ará ilé wa wò mí bí ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà fún bàbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré wá, ó tẹ àárín eérú mọ́lẹ̀ kó tó gbá a.

Bí mo bá tún dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò mọ èyí tí mo ń sọ? Ó dà bíi pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró ṣánṣán, mo na imọ̀ ọ̀pẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fèrè dún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọn eérú ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, kò sì kí mi mọ́ títí eré fi parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ́, mo gba oko rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo bá a nídìí ẹ̀gẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì.

“Àna mi,” ni ó wí, “ilà wo ni mo tún tẹ̀?”