Ẹ̀rọ Èémí Bọ̀dá Láyí

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ kó pè mí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa rí, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Èmi àti Bọ̀dá Láyí la jọ ń wa tírélà kan. Tí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn síìtì. Àìsàn kan máa ń dí Bọ̀dá léèémí lójú oorun, kì í sì í sùn láì fi ẹ̀rọ kékeré kan bo imú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà ló ń fún un níná.

"Àbúrò, má yọ ọ́ o," ló máa ń wí kó tó sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a páàkì sí ẹ̀yìn ìlú Oshawa ní Kánádà, yìnyín ń já bọ́. Bọ̀dá ti sùn. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa n'Íbàdàn, ó fẹ́ fi ojú ọmọ hàn mí lórí fídíò, fóònù mi sì ti fẹ́ kú. Mo yọ ẹ̀rọ Bọ̀dá, mo ki wáyà fóònù mi bọ ibẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, ayọ̀ pa mí bí ọtí. Ìgbà tí n ó fi rántí, ó ti lé ní wákàtí kan, Bọ̀dá sì ti tutù.

Mo ki ẹ̀rọ padà kí ọlọ́pàá tó dé. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Mo dákẹ́. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé fún mi. Mo páàkì sí Whitby láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ki wáyà fóònù mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wá gbọ́ ìró ẹ̀rọ Bọ̀dá lẹ́yìn mi. Fùùù, hàà. Fùùù, hàà. Àwọn ọmọ Bọ̀dá mà ti gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sílé. Kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ pílò tẹ̀ wọnú bíi pé orí èèyàn wà lórí rẹ̀.

Fóònù dún. Ìyàwó mi ń sunkún, ó ní ọmọ ò mí mọ́.

Ohùn kan sọ ọ́ sí mi létí, jẹ́jẹ́: "Àbúrò, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

Mo fa wáyà yọ. Mo gbọ́ igbe ọmọ mi nínú fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ti pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí wáyà fóònù bá ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, bákan náà ló ń ṣe. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Bọ̀dá ń gbẹ̀san, inú rẹ̀ ò sì tíì rọ̀.

Ìyàwó àti ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ mi ní Springdale báyìí. Lánàá, ìyàwó mi ra ṣájà sínú mọ́tò rẹ̀, kí ọmọ lè máa rí kàtúùnù wò. Mo jù ú nù. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní ó ti bàjẹ́. Ó ní òun á ra òmíràn lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yín yọ ohun tí ẹlòmíì fi ń mí.