Bí Mo Ṣe Kọ́ Màmá Fúnkẹ́ Ní Òfin Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ẹnu mi fà ní Manchester níbí. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Stretford ni mò ń gbé. Àmọ́ ní ìjọ wa, Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò ka lọ́ọ̀ rí. Ohun tó fà á ni pé mo fẹ́ràn fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń bá ọlọ́pàá jiyàn lójú títì. Tí mo bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ báyìí, fídíò ló kù. Ẹ bi mí nípa ìbọn, ẹ bi mí nípa green card, màá dá yín lóhùn. Ṣé mo ti dé Amẹ́ríkà rí? Rárá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, a ń jẹ ìrẹsì nílé Sister Yétúndé ní Broughton. Màmá Fúnkẹ́ wà níbẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Oldham ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti gba físà Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ lọ bá Fúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní Houston. Fúnkẹ́ ti pẹ́ tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, oyún ti wá dé wàyí, àwọn dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí òkun, ó lè má sí nílé.

Yétúndé, nọ́ọ̀sì ni, ó sọ fún Màmá pé kí wọ́n múra sílẹ̀ o. Ó ní nígbà tí òun lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí ọkùnrin tó wà níwájú òun ní pápákọ̀ òfurufú ṣí fóònù rẹ̀ kí wọ́n wo inú ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òfin wọn ò gbà á, pé kò sẹ́ni tó lè wo inú fóònù ẹnikẹ́ni àfi tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i.

Yétúndé ní, "Brother Délé, inú ìlú nìyẹn. Ti ibodè yàtọ̀. Àlejò ni wá níbẹ̀."

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ó lè jẹ́ òótọ́. Lójú títì ni gbogbo fídíò tí mo ń wò, ọmọ ìlú sì ni àwọn tó wà nínú wọn. Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń pè mí ní Lọ́yà, orí mi sì ti wú. Mo bi Yétúndé bóyá ibi tó ti ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ ló ti kọ́ òfin. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ń palẹ̀ àwo mọ́.

Mo ti borí nìyẹn.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Màmá lọ sílé. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn máa sọ. Mo ní kí wọ́n sọ pé, "I do not consent," ìyẹn ni pé àwọn ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi bí ọmọ iléèwé títí a fi dé Oldham, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí Màmá dé Houston, òṣìṣẹ́ ibodè kan ní pápákọ̀ òfurufú bi wọ́n ní ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n ní àwọn wá bá ọmọ àwọn tọ́jú ọmọ. Ó ní ṣé wọ́n máa gbowó iṣẹ́? Wọ́n ní rárá. Ó wá ní kí wọ́n ṣí fóònù wọn. Màmá sọ gbólóhùn tí mo kọ́ wọn. Ó tún béèrè, Màmá tún sọ ọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ fagi lé físà náà, ó sì ní kí wọ́n dá Màmá padà.

Kí ló wà nínú fóònù yẹn gan-an? Ìwàásù ni, àti fọ́tò aṣọ ọmọ.

Lọ́jọ́ tí Fúnkẹ́ bímọ, ọkọ rẹ̀ wà lórí òkun. Aládùúgbò ló bá a lọ sí ọsibítù.

Màmá ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn náà, pásítọ̀ pè wọ́n síwájú, ó ní ká gbàdúrà lòdì sí ẹni tó dínà mọ́ Màmá. Gbogbo ìjọ dìde. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ń ṣe àmín kíkankíkan. Yétúndé, tó wà níwájú mi, yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó sì tún kọjú síwájú. Ì bá sàn kó bú mi.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo wọ tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, lọ sí Oldham. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo ní èmi ni mo fà á.

Wọ́n ní, "Dìde, Délé. Àṣìṣe ni."

Mo ní kì í ṣe àṣìṣe lásán. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń ṣiyèméjì látìgbà tí Yétúndé ti sọ̀rọ̀.

Ojú Màmá yí padà. "O mọ̀ pé ó lè jẹ́ òótọ́, o wá tún ń kọ́ mi nínú mọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi fídíò pe Fúnkẹ́, wọ́n gbé fóònù fún mi. "Sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi."

Mo sọ ọ́. Fúnkẹ́ gbé ọmọ lé èjìká, ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní, "Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ síbi iṣẹ́ abẹ, màmá mi ni mò ń bínú sí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kàn ṣí fóònù. Mi ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa látìgbà yẹn. Wọn ò sọ fún mi pé ẹnì kan ló kọ́ wọn."



Ó tún ní, "Ẹ gbé fóònù fún màmá mi."

Mo gbé e fún wọn, mo sì jáde síta. Mò ń gbọ́ ẹkún àwọn méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ti bẹ Yétúndé níwájú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti dárí jì mí, àmọ́ kò tíì tún pè wá jẹun. Màmá ti tún wá físà, wọn ò tíì rí i gbà. Tí mo bá kí wọn, wọ́n ń dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, tí a bá jókòó tí à ń jiyàn lórí òfin ìlú tí a ò gbé, ẹnì kan lè wà níbẹ̀ tó máa gbé ọ̀rọ̀ wa rìnrìn àjò. Ohun tí èmi fi ń ṣeré ni Màmá gbà gbọ́.

Ṣé ẹ ti sọ ohun tí kò dá yín lójú rí, tí ẹlòmíì sì jìyà rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn náà fún mi, torí èmi ò tíì mọ ohun tó kù tí màá ṣe.