Bàbá Kwado Kò Fọkàn Tán Rélùwéè

Ní ọdún 1976, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Kano lọ sí ìhà gúúsù, Ṣàràfá tó ń tún àgádágodo ṣe ní Ọjà Sabon Gari fi ẹ̀wọ̀n de ọlọ́pàá mọ́ bẹ́ńṣì.

Kò mọ̀ pé ọlọ́pàá ni. Jalabíà tó ti ṣá ni ọkùnrin náà wọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ńṣì, tó ń fi ojú ka ẹrù ẹlẹ́rù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú Ṣàràfá, ẹni tó bá ń ka ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, olè ni. Ó dúró títí oòrùn ọ̀sán fi kun ọkùnrin náà lóorun. Ó wá fa ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láti inú àpò, ó lọ́ ọ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ó lọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, ó fi àgádágodo tì í. Ó padà jókòó, ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

Nígbà tí wọ́n dé Zaria, ọkùnrin náà dìde, ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣubú.

"Ta ló ṣe irú eléyìí?"

"Èmi ni," Ṣàràfá dá a lóhùn. "Jókòó jẹ́ẹ́. Ọlọ́pàá ń bọ̀."

"Èmi gan-an ni ọlọ́pàá! Wọ́n ní kí n wá mú olè nínú ọkọ̀ yìí ni!"

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà yọ káàdì. Àwọn èrò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òótọ́ ni, kí Bàbá tú u sílẹ̀ kíákíá. Ṣàràfá kó ọwọ́ sápò láti mú kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ yọ jáde ní ìdí àpò. Níbi tí gbogbo wọn ti ń wòran ni olè gidi ti fi abẹ ya àpò rẹ̀, tó sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí Zaria pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́," ni ọlọ́pàá wí. "Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn."

Ṣàràfá yí àgádágodo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó mi orí. "Kò ṣeé ṣí," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é." Ẹ̀rín ìgbéraga ló fi sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n dé Kàdúná ni wọ́n tó rí ayùn irin yá.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni ìtàn yìí ní. Bí Ṣàràfá bá ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọlọ́pàá náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ó sì dúpẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ọlọ́pàá náà gbá a létí. Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, ní tiẹ̀, kì í gba ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì; ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ọkọ òun padà wálé pẹ̀lú àpò yíya àti etí wíwú. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Enugu Road, àdúgbò rẹ̀ ní Kano, ti ń pè é ní Bàbá Kwado, nítorí kwado ni Hausa ń pe àgádágodo.

Kò sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní fura. Ogún ọdún ló fi ń ṣí àpótí fún àwọn tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó sì mọ bí ṣíṣí wọn ti ń yá tó. "Olóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe àgádágodo fún," ló máa ń wí. "Olè kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ sí gúúsù, yóò ti ṣọ́ọ̀bù, yóò gba sítéṣọ̀n lọ. Kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn ará Sabon Gari a máa di ẹrù fún ẹni tó bá ń lọ sílé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ìyá mi ní Ọ̀ffà." Ṣàràfá ní àárín ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ìjàǹbá ń gbà wọ ọkọ̀. Kò jẹ́ kí èrò kankan gba ẹrù tí a kò tú lójú òun.

Lọ́jọ́ kan, Rájí aránṣọ gbé kílíṣí, ẹran gbígbẹ tí wọ́n fi bébà wé, wá, pé kí wọ́n bá òun fún ìyá òun.

"Jẹ ẹ́ kí n rí i," ni Ṣàràfá wí.

"Alhaji, kílíṣí lásán ni!"

"Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó nira láti jẹ."

Rájí jẹ ọ̀kan.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Òkè ni gbogbo ènìyàn ń tún ṣe."

Rájí jẹ tìsàlẹ̀. Ṣàràfá ní ti àárín gan-an ló ń fu òun lára, òun alára sì bá a tọ́ ọ wò. Nígbà tí fèrè dún, ohun tó wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá Rájí ní Ọ̀ffà ni bébà.

Gbogbo èyí pa Rahinat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lẹ́rìn-ín títí di ọdún 1979. Lọ́dún náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ìlọrin gbà á wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí kò bá dé títí di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn làwọn yóò fi àyè rẹ̀ fún. Ọkọ̀ Sátidé nìkan ló lè gbé e dé ibẹ̀ lásìkò. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kò tilẹ̀ wáyé, nítorí Ṣàràfá ní awakọ̀ ojú irin sàn díẹ̀, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè yà kúrò lójú irin lọ kí àlè. Rahinat kò bẹ̀rù olè. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló ń bà á.

Wọ́n dé sítéṣọ̀n, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àpótí irin alágádágodo márùn-ún. Àwọn èrò ti ń gba ojú fèrèsé kó wọlé. Ṣàràfá wọ kóòṣì kìíní, ó jáde: fèrèsé rẹ̀ kò pa dé, olè á na ọwọ́ wọlé. Ó wọ ìkejì, ó jáde: ọkùnrin kan dé fìlà tuntun níbẹ̀.

"Baba, kí ni fìlà ṣe?" Rahinat béèrè.

"Ta ní í dé fìlà tuntun rin ìrìn ọjọ́ méjì?"

Kóòṣì kẹta sún mọ́ ilé ìyàgbẹ́ jù, ibẹ̀ ni àwọn olè ń sá pamọ́ sí. Ìkẹrin dára, àfi bàbá arúgbó kan tó jókòó sí igun, tó ń ka tẹ̀sùbáà. Ṣàràfá wò ó títí, ó fa Rahinat jáde.

"Ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà náà, Baba? Haba!"

"Kí ló ṣe tó nílò àforíjìn tó bẹ́ẹ̀?"

Gáàdì fun fèrè. "Don Allah, Baba," ni Rahinat wí, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ń lọ. Bí ọkọ̀ yìí bá fi mí sílẹ̀, ó ti parí nìyẹn."

Ṣàràfá gbé àpótí sórí, ó wọ kóòṣì karùn-ún. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó fi àpò kan ṣe ìjókòó, tó ki ẹsẹ̀ bọ okùn àpò kejì, tó sì gbé agbòòrùn dábùú itan. Evelyn lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí sí Ìlọrin lẹ́yìn tó wá kí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Níbo lẹ ń lọ?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọ mi yìí ń lọ sí Ìlọrin, mo ní kó bá yín jókòó ni."

"Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọ yín ni? Kò jọ yín."

"Ìyá rẹ̀ ló jọ."

"Ìyá rẹ̀ dà? Kí ló dé tí kò sìn ín wá?" Ó yíjú sí Rahinat. "Ìwọ, kí lorúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ? Má wo ojú rẹ̀!"

"Ramlat ni, mà."

"Hùn-ún. Kí ló sì wà nínú àpótí yẹn tó gba àgádágodo márùn-ún? Ẹ ṣí i."

Láyé Ṣàràfá, kò tíì sẹ́ni tó ní kó tú ẹrù tirẹ̀. Òógùn bò ó bó ti ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Evelyn ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó gbọ́ òórùn gààrí, ó tú gèlè wò.

"Ó dára. Ọmọ lè jókòó. Ẹ̀yin, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ojú yín kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Ojú Ṣàràfá tàn bí ojú ọkọ ìyàwó. "Rahinat," ló wí, "má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fura, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó mọ̀ ọ́n ṣe." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Rahinat yọrí lójú fèrèsé kó juwọ́ sí i, kò rí i. Inú bí i díẹ̀.

Ọdún 1987 ni Ṣàràfá kú, lórí ibùsùn rẹ̀ ní Enugu Road. Rahinat ti di olùkọ́ ní Ìlọrin nígbà náà. Òun àti Màmá Evelyn, tó ti di ẹbí, ni wọ́n jọ wá fún fídáù. Lẹ́yìn àdúà, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Wọ́n sọ ti ọlọ́pàá. Rájí fẹnu ara rẹ̀ sọ ti kílíṣí. Ẹ̀rín pọ̀ débi pé wọ́n gbé ọmọ ìkókó jáde kó má baà jí.

"Ẹ ò tíì gbọ́ tèmi," ni Màmá Evelyn wí. "Lọ́jọ́ tó mú Rahinat wá wọkọ̀, ọkùnrin yẹn kò dúró sí Kano."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ní Zaria, mo rí orí kan tó yọ láti ẹnu ọ̀nà kóòṣì tó tẹ̀ lé tiwa. Ní Kàdúná, mo tún rí i. Ní Minna, mo fẹjọ́ sun gáàdì pé olè kan ń tọ̀ wá lẹ́yìn. Gáàdì lọ, ó padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá kan ni, pé láti Kano ló ti wà lórí ìdúró, pé ìyá kan tó ní agbòòrùn lòun ń ṣọ́. Èmi ni ó ń ṣọ́!"

Ilé ya fún ẹ̀rín.

"Nígbà tí a dé Jẹ́bà, ọmọ yìí sùn lọ, mo bu oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ó dúró kí ẹ̀rín ó rọlẹ̀. "Mo ní kó wá jókòó tì wá. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ òun rò pé òun dá lọ, ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti dá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù kì í bà á mọ́. A dé Ìlọrin, ó wò wá títí a fi wọ takisí, ó sì lọ dúró de ọkọ̀ Kano. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àṣàbí kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi wọlé nígbà náà," ló wí. "Ó ní iléeṣẹ́ kan ní Bompai ló ní kóun wá tún àgádágodo ṣe. Mo ní irọ́ ni, obìnrin ló wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bá a jà."

"Kí ló sọ?" Rahinat béèrè.

"Ó ní kí n máa fura lọ, pé ó dára bẹ́ẹ̀."

Àṣàbí fi etí gèlè nu ojú. Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé itan.

"Obìnrin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́," ló wí. "Ìwọ ni."