Ìbúra Tí Kàósárà Ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù

Kamẹrúùnù ni wọ́n ti bí Kàósárà. Gbọ́láhàn, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ló fẹ́ ẹ wá sí àdúgbò Òkè Baálẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìjọba fi ìwé sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Kamẹrúùnù kì í gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ ìlú méjì, nítorí náà ti ibẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò dùn ún. Ilé ọkọ ti di ilé.

Nígbà tí Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ yunifásítì, Kàósárà lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kẹjọ ló búra láti di ọmọ ìlú wọn, tó gba páásípọ́ọ̀tù wọn. Ó padà wálé, ó rí iṣẹ́ sí ọsibítù kan ní Iléṣà.

Ìgbà tó fẹ́ sọ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ dọ̀tun ló kó ìwé rẹ̀ lọ bá Raliat, lọ́yà àdúgbò wọn. Raliat kà á tán, ó tún un kà.

"Ìyá Ìdùnnú, ta ló ní kẹ́ ẹ búra yìí?"

"Kí ló dé? Àbúrò bàbá Ìdùnnú náà ò ní páásípọ́ọ̀tù méjì ni?"

"Wọ́n bí tiẹ̀ mọ́ ọn ni, mà. Ìwé la fi fún ẹ̀yin. Irú yín tó bá lọ gba ti ìlú tí wọn ò ti bí i, tiwa ti bọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ búra ni."

Kàósárà ní, "Ìdùnnú ńkọ́?"

"Ó jogún tiẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbà á."

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ìmígíréṣọ̀n, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé àlejò wò, dá ọkọ̀ tó ń gbé Kàósárà lọ sí Àkúrẹ́ dúró ní Iwaraja. Wọ́n sọ ọkùnrin kan tí kò ní ìwé kalẹ̀. Ọ̀gá wọn yọjú sí Kàósárà. "Ìyá, ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Òṣogbo ni mí." Ọ̀gá náà wò ó títí, kó tó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó délé, ó ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni Gbọ́láhàn wí. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ̀rù á pa mí kí wọ́n tó mọ̀."

Òun àti Raliat lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, ó sì gbé páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà aláwọ̀ ewé náà sórí tábìlì fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi retí wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní káàdì tí wọ́n fi ń gba àlejò tó fẹ́ ọmọ ìlú láyè láti máa gbé níbẹ̀. Káàdì náà ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà. Bí ọkọ̀ bá ti rọra lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ a ti wà nínú báàgì, a máa wá káàdì náà.